Ibi Tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ti Ń Já Bọ́: Bí A Ṣe Lè Ṣètò Ìkọ́ni Kí Wọ́n Lè Parí Ohun Tí Wọ́n Bẹ̀rẹ̀

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jimọ́ kan, ọmọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. 200 level ni. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló mú dání, ó ní kí n bá òun fọwọ́ sí i. Mo bi í pé kí ló dé. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ọpọlọ mi ò gbé e." Mo fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tó lọ tán ni mo tó fa ìwé ìdánwò rẹ̀ yọ, Applied Mechanics, kọ́ọ̀sì tí èmi fúnra mi kọ́ wọn. Ìbéèrè kìn-ín-ní dá lórí àkàbà tó fara ti ògiri. Ó ya àkàbà náà dáadáa, ó ya ìwúwo rẹ̀, ó ya bí ògiri ṣe ń tì í padà àti bí ilẹ̀ ṣe ń gbé e sókè. Ọfà kan ṣoṣo ni kò yà: ipá tí ilẹ̀ fi ń di ẹsẹ̀ àkàbà mú kó má bàa yọ̀. Látorí ọfà kan yẹn ni gbogbo ìṣirò tó tẹ̀ lé e ti wọ́. Mo ṣí ìbéèrè kẹta, àṣìṣe kan náà. Ìkarùn-ún, òun náà ni. Odindi sẹ̀mẹ́sítà ni ọmọ yìí fi jókòó sí kíláàsì mi pẹ̀lú àṣìṣe tí mo lè bá a tún ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò mọ̀, torí pé ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá ni mo kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo máa fi wá a lọ, fọ́ọ̀mù ti kúrò lọ́dọ̀ HOD, olórí ẹ̀ka wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀yin HOD, ẹ̀yin level adviser tí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ń gba ọwọ́ yín kọjá lọ́dọọdún, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ló ní ọpọlọ tó gbé e. Ibi kan pàtó nínú kọ́ọ̀sì kan pàtó ni wọ́n ti ń já bọ́, ibẹ̀ sì ṣeé tún ṣe. Nígbà tí Elaine Seymour àti Nancy Hewitt gbé ìwádìí wọn jáde ní 1997, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu wò ní ilé-ìwé gíga méje ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n bá pàdé ni pé àwọn tó lọ àti àwọn tó dúró kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra ní làákàyè. Ìráhùn kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni pé ìkọ́ni kò dára.

Mo mọ̀ pé owó ilé-ìwé wà níbẹ̀. Ebi wà níbẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko, àwọn kan ò sì padà wá mọ́. Olùkọ́ kan ò lè dá ìyẹn yanjú. Àmọ́ kọ́ọ̀sì tí orúkọ yín wà lórí rẹ̀, ọwọ́ yín ló wà.

Ìṣètò ìkọ́ni ni iṣẹ́ tí a ń sọ. Kí olùkọ́ jókòó kó tó wọ kíláàsì, kó pinnu ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe níkẹyìn, bí òun yóò ṣe mọ̀ pé ó lè ṣe é lóòótọ́, àti ọ̀nà tí òun yóò mú un gbà débẹ̀. Yunifásítì Florida State ni wọ́n ti to ìlànà kan tó gbajúmọ̀ jù lọ jọ, ní 1975, fún àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà: yẹ ọ̀rọ̀ wò, ya ètò, ṣe ohun èlò, fi kọ́ni, wo bó ṣe ṣiṣẹ́ sí. Ẹnjiníà ò gbọ́dọ̀ rí èyí bí àjèjì. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe afárá.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wá ibi tó ń jò

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí iye àwọn tó gboyè jáde. Iye yẹn máa sọ fún yín pé omi ti tán nínú táǹkì, kò ní sọ ibi tó gbà jáde. Ẹ lọ gba orúkọ àwọn tó wọ 100 level nínú sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ti yẹ kó ti jáde báyìí, kí ẹ máa fi nọ́ńbà matric tọpasẹ̀ wọn láti sẹ̀mẹ́sítà dé sẹ̀mẹ́sítà. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ó pààrọ̀ ẹ̀ka, CGPA (máàkì àpapọ̀ rẹ̀) tó kéré lé e lọ, kò forúkọ sílẹ̀ mọ́, tàbí ó ṣì wà níbẹ̀ tó ń fi carryover (kọ́ọ̀sì tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀) ṣe spillover, ìyẹn àfikún ọdún. Ẹ ya àwọn tó gba direct entry wọlé, ìyẹn tààrà sí 200 level, sọ́tọ̀. Ẹni tó ti ṣe ND ní pólì lè mọ ẹ̀rọ tú kó sì mọ̀ ọ́n tò, kí ó jẹ́ calculus ni yóò gbé e ṣubú. Ìṣòro tirẹ̀ àti ti ọmọ tó ti WAEC wá kì í ṣe ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn kọ́ọ̀sì. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta: iye tó forúkọ sílẹ̀, iye tó jókòó ṣe ìdánwò, iye tó yege ní ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe é. A máa ń gbójú fo nọ́ńbà kejì yẹn. Ká ní 140 ló forúkọ sílẹ̀, 118 jókòó, 80 yege. Ìwé èsì yóò wí pé 80 nínú 118. Àwọn 22 tí kò wá rárá ti ń lọ, kò sẹ́ni tó kà wọ́n.

Bí ẹ bá rí kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì tó ń gbé ọmọ ṣubú ju àwọn yòókù lọ, ẹ mú ọ̀kan. Ọ̀kan péré. Mo ti rí àwọn tó fẹ́ tún odindi kàríkúlọ́ọ̀mù ṣe lẹ́ẹ̀kan, ìgbìmọ̀ ni wọ́n ṣe títí, kò sí kíláàsì kan tó yí padà. Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ pe márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú àwọn tó ti lọ lórí fóònù. Ẹ má bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi lọ. Wọ́n á sọ ohun tó máa tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ bi wọ́n pé, "Ọjọ́ wo lo kọ́kọ́ rò ó lọ́kàn pé o máa lọ?" Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa ń rántí ọjọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ti òpin bẹ̀rẹ̀

Ìwé CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ní Nàìjíríà, gbé jáde ti kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe sí abẹ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kàríkúlọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún yunifásítì láti ṣe tirẹ̀. Torí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n dè wá lọ́wọ́. Ẹ mú ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ tún un kọ ní ọ̀nà tí ojú lè rí. "Kí akẹ́kọ̀ọ́ lóye equilibrium" (bí àwọn ipá ṣe ń dọ́gba lára ohun tó dúró jẹ́ẹ́) kò ṣeé wò, inú orí ni òye wà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Bí mo bá gbé ohun kan tó dúró jẹ́ẹ́ síwájú akẹ́kọ̀ọ́, kó ya gbogbo ipá tó wà lára rẹ̀, kó kọ equation rẹ̀, kó wá ìdáhùn, kó sì sọ fún mi bóyá ìdáhùn náà bọ́gbọ́n mu." Mẹ́rin nìyẹn nínú gbólóhùn kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ṣeé dán wò lọ́tọ̀. Bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá ti lé ní mẹ́fà fún sẹ̀mẹ́sítà kan, ẹ gé e kù.

Ẹ wá kọ ìbéèrè ìdánwò àṣekágbá kí ẹ tó kọ nóòtù kankan. Ó máa ń rí bí ẹni pé a fi ẹ̀yìn rìn. Àmọ́ bí ìbéèrè bá ti wà nílẹ̀, ẹ ó rí i fúnra yín pé abala tó gùn nínú nóòtù àtijọ́ kò sin ìbéèrè kankan, ohun tí ìdánwò sì ń béèrè gan-an, ìgbà kan ṣoṣo lẹ fi kọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ gé òkèlè náà kéré

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a jókòó sí, torí ibí yìí ni èmi ti ṣàṣìṣe.

Ohun tí ọkàn èèyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀. John Sweller ní Australia fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí èyí láti àwọn ọdún 1980. Ó rí i pé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ bá ń wo àpẹẹrẹ tí a ti ṣe láṣeparí, ó ń kọ́ ju kí a kàn da ìṣòro sí i lọ́wọ́ pé kó lọ wá ìdáhùn. Àwa tí a ti ń ṣe é bọ̀ láti ogún ọdún, ìgbésẹ̀ mẹ́fà ti di ọ̀kan lójú wa. A yà á, a kọ equation, a parí, a ní "ó hàn gbangba." Kò hàn sí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká lo táǹkì omi. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì rí i: táǹkì dúdú lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ borehole. Ẹ ní lítà 1,000 ló gbà, ó sì kún. Lítà omi kan wọn kílò kan, nítorí náà kílò 1,000 ló wà lókè yẹn, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ newton 9,810 (newton 9.81 fún kílò kọ̀ọ̀kan). Ẹ jẹ́ kí a fi ìwúwo ike àti irin sílẹ̀ ná. Bí táǹkì bá wà láàárín gbùngbùn, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ru bí newton 2,450. Gbogbo kíláàsì lè ṣe èyí, ó sì dára bẹ́ẹ̀, kí ọkàn wọn kọ́kọ́ balẹ̀.

Ó wá kù díẹ̀. Ẹ ní ẹni tó gbé táǹkì sórí irin kò gbé e sí àárín. Bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, mítà 1.2 ló wà láàárín ẹsẹ̀ òsì àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, àárín táǹkì sì jìnnà sí ẹsẹ̀ òsì ní mítà 0.4. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kalikulétọ̀, ẹ bi wọ́n: ẹ̀gbẹ́ wo ló máa ru ẹrù jù? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ya àwòrán. Òfin tí mo ń fún wọn ni pé kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yí ohun tí wọ́n yàn po, kí wọ́n máa tọ ìlà náà lọ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì béèrè níbi gbogbo pé, "Kí ló fara kan ọ́ níbí?" Ohun kọ̀ọ̀kan tó bá fara kàn án gbọ́dọ̀ ní ọfà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá yí i po tán ni kí wọ́n wá fi ìwúwo kún un, torí òun nìkan ni kì í fara kan nǹkan kó tó fà á. Ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí àkàbà ọjọ́sí kò lè gbàgbé pé ilẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Ìṣirò ló kù: ẹ dúró sórí ẹsẹ̀ òsì, ẹ mú 9,810, ẹ fi 0.4 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 1.2 pín in. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ru newton 3,270, ẹ̀gbẹ́ òsì ru 6,540. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ó padà di 9,810. Kí wọ́n wo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, bóyá ó bá a mu.

Bí ẹ ṣe máa to àpẹẹrẹ tẹ̀ léra wọn ni pàtàkì. Ti àkọ́kọ́, ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lójú wọn, ẹ máa sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn yín síta bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ti ìkejì, ẹ ṣe é, kí ẹ fi ìlà tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ fún wọn. Ti ìkẹta, ẹ ya àwòrán nìkan, kí wọ́n ṣe ìyókù. Ti ìkẹrin, ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ nìkan, kí wọ́n ya á fúnra wọn. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ àmúrelé tó kàn. Láti ìkíní ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń fò lọ bá ìkẹrin, tí ọmọ bá wá ṣubú sáàárín, a ní kò múra.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì

Ní 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ lórí ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì. Níbi tí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀ nìkan, ìdá 33.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fìdí rẹmi. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe nǹkan nínú kíláàsì, ìdá 21.8 ni. Kọ́ọ̀sì tí ọmọ 300 wà, ọmọ bíi 36 ni ìyàtọ̀ yẹn.

Ẹ ó ní gbọ̀ngàn yín kún, iná kò sí, máíkì kò sí. Mo gbà. Ọ̀nà tí Eric Mazur ń lò ní Harvard láti 1991 kò bèèrè iná. Ẹ sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ gbé ìbéèrè kan sórí pátákó pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin, A dé D. Kí kálukú ronú láìsọ̀rọ̀, kí wọ́n na ìka sókè sí àyà wọn kí aládùúgbò má bàa rí i: ìka kan fún A, méjì fún B. Ẹ wo gbọ̀ngàn yí ká. Bí àwọn tó mú ìdáhùn tó tọ̀nà kò bá tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ tún un kọ́. Bí wọ́n bá ti lé ní ìdá 70, ẹ ṣàlàyé ní ṣókí kí ẹ máa lọ. Bí ó bá wà láàárín, ẹ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yíjú sí ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí wọ́n jọ jiyàn fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n tún na ìka. Ariwo á sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ.

Ohun kan wà tó jẹ́ tiwa. Ẹ má bi kíláàsì pé, "Ṣé ó yé yín?" Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nílé kò ní wo ojú àgbà kó ní kò yé òun. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" ni gbogbo wọn máa pariwo, ẹ ó sì kọjá lọ. Ìbéèrè tí ọwọ́ ń dáhùn ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ ìtìjú yẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tẹ́ẹ̀sì kéékèèké, kó sì tètè dé

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì kan. Ìbéèrè kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, máàkì kékeré. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń fi hàn yín ibi tí ọfà ti sọnù kó tó pẹ́ jù. Ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀kọ́ dúró lórí: Roediger àti Karpicke fi hàn ní 2006 pé àwọn tó gbìyànjú láti rántí ohun tí wọ́n kà rántí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju àwọn tó kàn tún un kà lọ.

Ta ló fẹ́ máàkì ìwé 300? Ẹ má máàkì gbogbo rẹ̀. Ẹ fa ọgbọ̀n yọ, ẹ kà wọ́n dáadáa, ẹ kọ àṣìṣe mẹ́ta tó wọ́pọ̀ jù sílẹ̀. Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n pààrọ̀ ìwé, ẹ ya ìdáhùn sórí pátákó, kí aládùúgbò máàkì. Ẹ wá sọ̀rọ̀ lórí àṣìṣe mẹ́ta yẹn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ìwé padà sọ́wọ́ wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èyí tó bá dé lẹ́yìn oṣù kan ti di ìwé èsì lásán, kò lè tún nǹkan kan ṣe mọ́. Ẹ gbà kí ẹni tó gba òdo tún tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan. Kò dín ìwọ̀n kọ́ọ̀sì kù, ìdánwò àṣekágbá ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìṣirò àti yíyàwòrán, ilẹ̀kùn méjì tó há

Bí nọ́ńbà yín bá fi hàn pé ìṣirò ló ń lé wọn, ẹ wo ohun tí Nathan Klingbeil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Wright State ní Ohio láti 2004. Wọ́n dá kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kọ́ ọ, ìṣirò tí kọ́ọ̀sì ọdún kejì ń lò gan-an ló wà nínú rẹ̀, ó sì ní iṣẹ́ àṣefihàn. Ọmọ tó bá yege níbẹ̀ lè máa bá kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ nígbà tó ṣì ń ṣe calculus lọ́wọ́. Tiwa kò ní gba ìyọ̀ǹda tuntun tó bẹ́ẹ̀. Ìdá 30 tí mo mẹ́nu bà lókè gbà á. Bí ìyẹn bá jìnnà, ẹ fi ìṣẹ́jú ogún nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan tún ìṣirò tí ẹ máa lò lọ́jọ́ yẹn kọ́ wọn. Ẹ má sọ pé ẹ̀ka Mathematics ló yẹ kó ti ṣe é.

Yíyàwòrán ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wọ 100 level láìfọwọ́ kan T-square, rúlà ìyàwòrán, rí, torí ilé-ìwé wọn kò ní Technical Drawing. Sheryl Sorby ní Michigan Tech bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì kékeré kan ní 1993 fún àwọn tó bá fìdí rẹmi nínú tẹ́ẹ̀sì fífi ojú inú yí nǹkan síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí a bá fi wé iye wọn nínú kíláàsì, àwọn obìnrin ń fìdí rẹmi níbẹ̀ ju àwọn ọkùnrin lọ. Bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan lọ́wọ́ tí wọ́n sì ń di ohun gidi mú, ojú inú wọn là, àwọn tó dúró sínú ìmọ̀ ẹ̀rọ sì pọ̀ sí i. Ẹ̀bùn àbínibí kọ́, ó ṣeé kọ́. Ọṣẹ gbọọrọ ni mo máa ń lò: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ègé kan wá, kó fi ọ̀bẹ gé igun kan kúrò lára rẹ̀, kó gbé e síwájú, kó ya ohun tí ojú rí láti iwájú, láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ tún ní kó gé igun kejì, àmọ́ kó kọ́kọ́ ya bó ṣe máa rí kí ọ̀bẹ tó kàn án. Obìnrin kan wà tó ti fẹ́ fi kọ́ọ̀sì yìí sílẹ̀, ó gé ọṣẹ, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Háà, ìlà tó pamọ́ nìyí!" Òun ló wá ń kọ́ àwọn yòókù.

Ìgbésẹ̀ keje: àáró

Ní Berkeley lọ́dún 1970 ó lé, Uri Treisman fẹ́ mọ ohun tó fà á tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú fi ń ṣubú nínú calculus. Àwọn èèyàn ti ní ọ̀lẹ ni wọ́n, tàbí pé ilé wọn kò bìkítà. Ó tẹ̀ lé wọn kiri. Kò bá ọ̀lẹ pàdé. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ tọkàntara, àmọ́ kálukú ń dá a ṣe nínú yàrá rẹ̀. Àwọn ọmọ Ṣáínà-Amẹ́ríkà ẹlẹgbẹ́ wọn á kàwé tán, wọ́n á wá pàdé, wọ́n á yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Treisman dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìbéèrè tó le ju ti kíláàsì lọ ló sì fún wọn. Kò pè é ní ẹ̀kọ́ àwọn tó kùnà. Iṣẹ́ wọn gòkè.

Àwọn bàbá wa mọ èyí lóko. Nínú àáró, wọn kì í pe ẹnikẹ́ni torí pé ó jẹ́ aláìlera. Kálukú ló ní ọjọ́ tirẹ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ máa bá a ro oko. Ẹ pín kíláàsì sí márùn-ún márùn-ún. Ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan tó le lọ́sẹ̀, kí ẹni tó kàn lọ́sẹ̀ náà dúró ṣàlàyé fún àwọn yòókù, kí wọ́n sì fi ìdáhùn kan ṣoṣo ránṣẹ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ pín wọn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n pín ara wọn, àwọn tí kò mọ ẹnì kankan ló máa ṣẹ́ kù, àwọn gan-an lẹ sì ń wá. Ẹ má fi obìnrin kan ṣoṣo sáàárín ọkùnrin mẹ́rin, akọ̀wé ni wọ́n máa fi í ṣe. Méjì, tàbí kó má sí rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìwé orúkọ ọ̀sẹ̀ kẹta

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ kọ orúkọ àwọn tí kò ṣe tẹ́ẹ̀sì, àwọn tó gba òdo, àti àwọn tí ẹgbẹ́ wọn kò rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Kó má rí bí ìwé ìkìlọ̀. Èyí tí mo máa ń fi ránṣẹ́ kò ju báyìí lọ: "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò rí ìwé rẹ nínú tẹ́ẹ̀sì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́rú, aago méjì sí mẹ́rin. Wá, kí a jọ wo ìbéèrè kìn-ín-ní." Àwọn kan ò ní dáhùn. Àwọn kan á wá, ẹ ó sì gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan: pé ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, pé kò ní ìwé, pé ó ń lọ tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó bá wá ni kí ẹ gbé pẹ́ńsùlù fún un. Kó ṣe ìbéèrè kan lójú yín, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹlẹgbẹ́ yín kan á ní ẹ ń pín máàkì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má bínú sí i. Kí òun kọ ìdá kan nínú ìbéèrè ìdánwò, kó sì máàkì rẹ̀ láìrí orúkọ. Ẹ tún nọ́ńbà mẹ́ta ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní kà, kí ẹ fi wé ti ọdún méjì tó ṣáájú, torí sẹ́ẹ̀tì kan lè dára lásán. Ẹ sì wo àwọn ọmọ yìí ní 300 level: bí wọ́n bá yege lọ́wọ́ yín tí wọ́n wá ṣubú ní Strength of Materials, ẹ kàn gbé ihò náà síwájú ni. Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ yọ ọ́. Èmi yọ iṣẹ́ àmúrelé orí íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn sẹ̀mẹ́sítà kan, torí àwọn tí kò ní owó data ló ń jìyà rẹ̀, àwọn tí mo sì torí wọn ṣe é nìyẹn.

Bí sẹ̀mẹ́sítà bá ti rìn jìnnà, tí ẹ ò lè tún kọ́ọ̀sì tò mọ́ lọ́dún yìí, iṣẹ́ wákàtí méjì kan wà tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ lọ gbé ìwé ìdánwò ọdún tó kọjá. Ẹ fa ogún yọ nínú àwọn tó fìdí rẹmi. Ẹ má wo máàkì. Ẹ tẹ̀ lé ọwọ́ ọmọ náà láti ìlà kìn-ín-ní, kí ẹ fi bírò pupa sàmì sí ìlà tó ti kọ́kọ́ ṣìnà, ìlà yẹn nìkan. Ẹ wá to ìwé ogún náà sórí tábìlì. Níbi tí àmì pupa bá pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni kí kíláàsì yín tó ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.